Olúfúnkẹ́ Kì Í Dá Jẹun

Bí ẹ bá bá Olúfúnkẹ́ Adédayọ̀ pàdé nínú bọ́ọ̀sì ní Verona láyé ìgbà yẹn, tí ẹ sì rí i tó ń ya ọ̀rá bisikíìtì, ẹ múra sílẹ̀ láti dáhùn. Kò lè fi nǹkan kan sẹ́nu kó má pe ẹni tó wà nítòsí. Á na bisikíìtì sí ìyá àgbà tó jókòó tì í lápá ọ̀tún, á nà án sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi orin dí etí. Lọ́jọ́ kan tí iná pupa dá wa dúró, mo rí i tó nà án sí awakọ̀. Mo ní, "Fúnkẹ́, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀." Ó ní òun kò bá a sọ̀rọ̀, oúnjẹ lòun fi lọ̀ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ni, ẹgbẹ́ sì ni wá. Abísọ́lá lorúkọ tèmi, ṣùgbọ́n Ìyá Victory ni gbogbo ìjọ ń pè mí. Ibi ìfọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti ibẹ̀ dé ilé, àga ni ẹsẹ̀ mi ń béèrè, kò béèrè nǹkan mìíràn. Ti Fúnkẹ́ yàtọ̀. Màmá arúgbó kan tí à ń pè ní Signora, ìyẹn ìyáàfin lédè Italy, ló ń tọ́jú, inú ilé màmá náà ló sì ń gbé. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi nìkan ló ní fún ara rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ìṣẹ́jú kan ṣòfò nínú wọn. Ní Ọjọ́bọ̀, kí n tó bọ́ bàtà, ó ti dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú akẹtẹ̀ rẹ̀ lórí.

"Ìyá Victory, dìde. Ilé kì í sá lọ."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ìdúró ló ń dun ẹsẹ̀ rẹ, kì í ṣe ìrìn. Jẹ́ ká lọ."

A sì máa lọ. A ti wo gbogbo fèrèsé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Via Mazzini láìra abẹ́rẹ́. A ti lá gelato, wàrà dídì tó tutù bíi yìnyín, nínú oṣù Kejìlá nígbà tí eyín wa ń lu ara wọn. A ti wọ treno, ọkọ̀ ojú irin wọn, lọ sí Padova nítorí pé ẹnì kan sọ fún un pé ọjà ibẹ̀ gùn, a rìn ín já, a ra àlùbọ́sà, a padà sílé. Pásítọ̀ wa sọ lórí pẹpẹ lẹ́ẹ̀kan pé kí àwọn arábìnrin kan dín ìgbafẹ́ kù, ojú Fúnkẹ́ ló sì ń wò. Lẹ́yìn ìsìn, Fúnkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Jésù pàápàá wọ ọkọ̀ ojú omi." Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èmi mọ ohun tó ń lé e jáde. Ọkọ rẹ̀ kú ní Ìbàdàn nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo, Iṣẹ́olúwa, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ náà ti wà ní yunifásítì nígbà yẹn, lọ́nà jíjìn. Nílé Signora, omi ọbẹ̀ lásán ni màmá náà ń mu lórí bẹ́ẹ̀dì, bó bá sì ti mu ún tán, oorun ni. Nígbà náà ni Fúnkẹ́ máa bu oúnjẹ tirẹ̀, á jókòó ní kíṣìnì, á kọjú sí ògiri. Lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró sábẹ́ ìbòòji ṣọ́ọ̀bù kan ní Piazza Erbe, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé mo ṣì ń sọ ọ́? Bí mo bá ti bu oúnjẹ tán, ẹnu mi á ní, ẹ wá jẹun. Fìríìjì ni mò ń pè."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ìyá Victory, mi ò bẹ̀rù ikú o. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n máa dá jẹun báyìí títí n ó fi kú." Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé bí mo bá rí ọkùnrin gidi kan, n ó fi ọwọ́ ara mi tì í síwájú rẹ̀.

Ibi àpèjọ Àjíǹde ní Sesto San Giovanni la ti rí Brother Simeon Akínbọ̀dé, níbi tí àwọn ìjọ wa láti ìlú gbogbo ti máa ń pàdé. Sampierdarena ní Genova ló ń gbé, nílé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú kó tó wá sí ìlú òyìnbó. Ọkùnrin náà ga, aṣọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu rẹ̀ bí òjò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lẹ́yìn ìsìn, Fúnkẹ́ ṣí ìrẹsì tó gbé wá láti Verona. Brother Simeon ń kọjá lọ, Fúnkẹ́ sì ní, "Brother, ẹ wá jẹun."

Ẹ̀yin náà mọ èsì rẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ dáadáa kì í sáré jókòó ti oúnjẹ olóúnjẹ. "Á gba ibi ire o, ma," ni Brother Simeon wí. Ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀. Ó dúró gbagidi, ó ń bá a sọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn, títí ìrẹsì náà fi tutù. Èmi rí gògóńgò rẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ sísàlẹ̀. Fúnkẹ́ kò rí ìyẹn. Ohun tó rí ni pé ọkùnrin kan wo oúnjẹ òun kò sì jẹ ẹ́.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tí à ń bọ̀ sílé, ó ní, "Bóyá ó rò pé ọwọ́ mi kò mọ́."

Mo ní, "Bó bá jókòó jẹ ẹ́, ṣé ìwọ náà kọ́ lo máa ní ọ̀kánjúwà ni?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹlẹ́yìí, tọkàntọkàn ni mo fi pè é."

Láti ìgbà náà ni fóònù ilé mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Brother Simeon kò lè pe ilé Signora, èmi ló wá ń pè. Victory, ọmọ mi obìnrin, ló sábà máa ń gbé e, á wá figbe ta láti pálọ̀: "Mamma, c'è il signore di Genova, quello che non parla!" Kò purọ́, ọkùnrin Genova náà kì í sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Á kí mi, á kí ọkọ mi, á béèrè bóyá òjò rọ̀ ní Verona, á wá ní kí n bá òun kí Sister yẹn. Ojú ọjọ́ la ń sọ láti Àjíǹde títí ooru fi mú. Nígbà tó yá, inú bí mi. Mo ní, "Brother Simeon, èmi àti Sister yẹn ń lọ sí Peschiera ní Ferragosto, létí adágún. Lábẹ́ igi tó dojú kọ ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra la máa wà. Ẹ wọ treno, kẹ́ ẹ wá wo ojú ọjọ́ fúnra yín." Ó ní, "Ẹ ṣeun, ma. Mò ń bọ̀."

Ferragosto ni àjọ̀dún àárín oṣù Kẹjọ, ọjọ́ tí gbogbo Italy máa ń ti ilẹ̀kùn pa, tí wọ́n á lọ síbi omi. Ti ọdún 1995 ni mò ń sọ yìí. Ọmọ Signora obìnrin wá jókòó ti ìyá rẹ̀, Fúnkẹ́ sì gba ààyè. Kíṣìnì mi ló ti dáná, ó sì dá a bí ẹni pé Genova lápapọ̀ ló ń bọ̀: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, dòdò, mọ́ínmọ́ín tó sè nínú agolo tòmátì, adìẹ tó dín tó sì fi ata pa lára. Ó yọ iwe adìẹ náà sọ́tọ̀, ó fi bébà fàdákà dì í, ó tẹ̀ ẹ́ sí igun kúlà. Mi ò béèrè ẹni tó ni ín. Bí obìnrin ilẹ̀ wa bá ti gbé iwe pamọ́ de ọkùnrin, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn.

A tètè dé, a rí tábìlì lábẹ́ igi, a tẹ́ aṣọ sí i. Atẹ́gùn ń fẹ́ lórí omi, àwọn ọmọdé ń ké, ọkọ̀ ojú omi ń fun fèrè. Ní tábìlì kejì, bàbá àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀ jókòó. Ettore ni bàbá náà, Ines ni ìyá náà, búrẹ́dì àti salame, ẹran gbígbẹ ìlú wọn, ló wà níwájú wọn. Mo lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní agogo méjìlá láti pàdé Brother Simeon. Ọkọ̀ dé, gbogbo ayé sọ̀ kalẹ̀, òun kò sọ̀ kalẹ̀. Mo padà, mo ní, "Ó máa wà nínú èyí tó ń bọ̀."

Fúnkẹ́ ṣí kúlà láti wò ó bóyá dòdò kò tíì rọ̀ jù, ó mú ọ̀kan fún mi, ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Òórùn ata àti adìẹ gba afẹ́fẹ́. Signor Ettore yíjú. Ẹ ti mọ Fúnkẹ́. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní, "Signori, venite a mangiare!" Ẹ wá jẹun náà ni, lédè tiwọn.

Mo ti ń dúró de á gba ibi ire. Signora Ines pàtẹ́wọ́, ó ní, "Volentieri!" Ìyẹn ni pé tayọ̀tayọ̀ làwọn ń bọ̀. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ti gbé àga wọn dé, wọ́n ti gbé búrẹ́dì àti ọtí wáìnì wọn dé, wọ́n sì ti jókòó yí kúlà wa ká.

Mo rẹ́rìn-ín sí wọn, mo wá fi Yorùbá sọ ọ́ láàárín eyín. "Fúnkẹ́, kí lo ṣe yìí?"

Òun náà ń rẹ́rìn-ín. "Mo kàn kí wọn ni."

"Wọ́n ti jókòó."

"Mo rí wọn."

"Ti Brother Simeon ńkọ́?"

"Oúnjẹ pọ̀. Jẹ́ ká bu díẹ̀ fún wọn."

Díẹ̀! Ẹ ò tíì rí arúgbó tó ń jẹun. Ata ta Signor Ettore, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ún, ó sì ń na abọ́ padà. Àbúrò Signora Ines kọjá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Signora Ines sì pè wọ́n wá jẹun bí ẹni pé òun ló dáná. Mọ́ínmọ́ín ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n béèrè bóyá ẹja ni tàbí àkàrà òyìnbó, wọn ò dúró gbọ́ èsì kí wọ́n tó mú òmíràn. Inú ń bí mi gidigidi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe? Ẹni tó pe àlejò sídìí oúnjẹ kì í tún máa ka òkèlè mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi jẹ kọjá dòdò kan yẹn, nítorí mo fẹ́ kí tèmi ṣẹ́ kù fún àlejò wa.

Mo tún lọ sí ibùdókọ̀. Ọkọ̀ wọlé, àwọn ọmọdé sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́rùn, Brother Simeon kò sí láàárín wọn. Nígbà tí mò ń padà bọ̀, Fúnkẹ́ rí mi lókèèrè. Ó wo ẹ̀yìn mi lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì, lẹ́yìn náà ó jókòó.

"Kò ní wá mọ́," ló wí.

"Ó lè jẹ́ treno ló ń dààmú rẹ̀."

"Treno wo ló ń pẹ́ tó báyìí? Ìyá Victory, má tàn mí jẹ, mi ò kì í ṣe ọmọdé. Ó kọ oúnjẹ mi ní Sesto, ó tún ti kọ ọ́ ní Peschiera."

Ó na ọwọ́ sí igun kúlà, ó tú bébà fàdákà náà, ó sì gbé iwe sínú abọ́ Signor Ettore. "Mangi, signore," ó ní kó jẹ ẹ́. Mo na ọwọ́, ṣùgbọ́n bàbá náà ti gbé e sẹ́nu. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iwe kì í tètè ṣeé gbé mì. Ó ń rún un, ó ń yìn ín, ó ń rún un. Fúnkẹ́ fa akẹtẹ̀ rẹ̀ bo ojú. Àwọn àlejò wa rò pé oòrùn ló ń pa á. Ẹkún ni.

Signor Ettore kò tíì gbé e mì tán nígbà tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Brother Simeon ni. Ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn, kóòtù náà ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì gbá nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé mọ́ra bí ìkókó. Ó ní ọkọ̀ ojú irin bàjẹ́ lẹ́yìn Brescia, àárín oko àgbàdo ni wọ́n dá wọn dúró sí, láìsí fóònù, láìsí omi. Ó wá na nǹkan náà sí Fúnkẹ́. "Iṣu ni. Ọwọ́ atukọ̀ kan tó ti Èkó dé ni mo ti rà á. Mo ní kí n má wá lọ́wọ́ òfo."

Fúnkẹ́ gba iṣu. Ó wo inú kúlà, èmi náà wò ó. Àlùbọ́sà kan ló kù, ó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún Signora Ines pé ọkùnrin yìí gan-an la se oúnjẹ náà dè. "Era per lui?" ni ìyá náà wí, pé ṣé tirẹ̀ ni, ó gbá àyà, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ṣì ń rún iwe, ó sì gbá a léjìká. Kíá ló ti to búrẹ́dì, salame àti èso kalẹ̀ níwájú Brother Simeon. "Mangi, mangi!"

Brother Simeon tẹrí ba. "Grazie, signora. Ho già mangiato." Òun ti jẹun, ló wí. Ẹni tó wà nínú oko àgbàdo láti òwúrọ̀! Kò tíì pa ẹnu dé tí inú rẹ̀ fi kùn, ariwo náà gùn, gbogbo tábìlì ló gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nílùú tiwọn, ẹni tó bá ní òun ti yó, ó ti yó náà nìyẹn. Signora Ines gbé èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di salame rẹ̀ padà.

Fúnkẹ́ ṣí akẹtẹ̀ kúrò lójú. "Brother Simeon, lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn ní Sesto, ṣé ebi ń pa yín?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ebi ń pa mí, ma. Omi nìkan ni mo mu láti Genova."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní á gba ibi ire?"

"Kí ni ǹ bá tún sọ? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn."

"Bí ìyá tèmi náà ṣe kọ́ mi nìyẹn tí mo fi pè yín."

"Mo mọ̀. Mi ò wá mọ̀ bóyá ẹnu lẹ fi pè mí ni àbí ọkàn. Mo dúró síbẹ̀ pé bóyá ẹ máa tún pè mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo dúró títí ìrẹsì fi tutù."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Fúnkẹ́ ń fi ọwọ́ nu erùpẹ̀ ara iṣu náà, ó ń nu ún, ó ń nu ún, títí Signora Ines fi bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un bí èdè wọn ṣe mọ lẹ́nu mi. Ó gba iṣu, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó ní ilé àwọn ló wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí à ń wò lódìkejì ọ̀nà yẹn, iná wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, ká máa lọ. "Andiamo!"

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ mi ń ké. Fúnkẹ́ bẹ iṣu, ó gbé e kaná. Signora Ines fọ́ ẹyin sórí tòmátì àti àlùbọ́sà, ó da òróró ólífì sí i láìwo ọwọ́. Signor Ettore gbé ọtí jáde, Brother Simeon ní òun kì í mu ún, wọ́n fún un ní omi ọsàn. Nígbà tí iṣu jinná, Fúnkẹ́ kó o sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó bu ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó jókòó. Ó wo Brother Simeon lójú.

"Ẹ wá jẹun."

Mo rí ẹnu ọkùnrin náà tó là. Á gba ibi ire ti dé orí ahọ́n rẹ̀, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Fúnkẹ́ kò mú ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ wá jẹun," ló wí lẹ́ẹ̀kejì.

Brother Simeon pa ẹnu dé. Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. "Volentieri," ló wí, ó sì jókòó.

Inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Brother Simeon á bù, Fúnkẹ́ náà á bù. Fúnkẹ́ ń sọ ti Padova fún un, ti àlùbọ́sà tí a lọ rà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ náà sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú iṣu lẹ́nu. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo dúró ti ògiri kíṣìnì náà, ẹsẹ̀ ń dùn mí, dòdò kan ṣoṣo ló wà nínú mi láti àárọ̀, iṣu sì ń rú èéfín níwájú mi. Mo ń dúró kí ọ̀rẹ́ mi pè mí. Obìnrin tó fi bisikíìtì lọ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, tó ń pe fìríìjì wá jẹun, ó jẹ iṣu náà tán níṣojú mi, kò rántí pé mo wà níbẹ̀.